Tiráfíkétọ̀ Alùpùpù: Láti Iná Ìtọ́ka di Iná Ìfarahàn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn iná kéékèèké mẹ́rin tí ó wà lára alùpùpù, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Iṣẹ́ tí a dá wọn sílẹ̀ fún ni kí wọ́n máa sọ fún ẹni tí ń bọ̀ pé ọ̀tún ni a ń yà tàbí òsì. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn tí ń ṣe alùpùpù àti àwọn tí ń gùn ún ti sọ méjì iwájú di iná tí ń tàn ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lójú ọ̀nà. Kí ni ó fà á? Ǹjẹ́ iná tí a dá sílẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè máa sọ méjì, kí ó má sì rú ẹni tí ń wò ó lójú?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Tiráfíkétọ̀ ni a ń pè é nílé wa, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a sì ti rí orúkọ náà gbà. Ní àwọn ọdún 1930, ohun tí wọ́n ń fi orúkọ yìí pè kì í ṣe iná tí ń ṣẹ́jú rárá. Apá pélébé kan ni, tí ó wà nínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì, iná mànàmáná a gbé apá náà jáde bí ìgbà tí ènìyàn na ọwọ́, iná kékeré inú rẹ̀ a sì tàn. Àwọn àgbà tí ó mọ Morris Minor yóò rántí rẹ̀, nítorí títí di ọdún 1961 ni wọ́n fi ń ṣe é sí ara ọkọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, iná tí ń ṣẹ́jú ni wọ́n yàn dípò apá. Ilé-iṣẹ́ Buick ni ó kọ́kọ́ ń fi í sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá, ní 1939. Apá ti lọ, orúkọ ni ó kù fún wa.

Alùpùpù kò tètè ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é, àtùpà kábáàdì ni iná iwájú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń dè mọ́rí lọ sí igbó lóru: omi a máa kán sórí òkúta kábáàdì, afẹ́fẹ́ a jáde, iná a sì gbé e. Ní 1914, ilé-iṣẹ́ Indian ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, gbé alùpùpù kan jáde tí ó ní iná mànàmáná, tí bátìrì sì ń bá a ta ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n bátìrì ayé ìgbà náà kò lè gbé ẹrù tí wọ́n dì rù ú. Kíá ni ọjà náà wọlẹ̀. Ní 1915, Harley-Davidson ti ìlú Milwaukee náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí ó ní iná mànàmáná. Láti ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná iwájú kan àti iná ẹ̀yìn pupa kan ni agbára mànàmáná alùpùpù ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà, ọwọ́ ni yóò nà.

Àwọn ará Japan ni ó yí i padà. Ní 1969, Honda gbé CB750 jáde. Bátìrì fóòtì 12 ni ó ń lò, ẹ̀rọ amúnáwá inú rẹ̀ sì lè pèsè nǹkan bí wáàtì 210. Agbára wá tó láti pín. Òfin náà kò sì sùn. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí iná ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ìlànà kejìdínláàádọ́fà (108), pàṣẹ pé alùpùpù tuntun tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ 1 oṣù January, 1973, gbọ́dọ̀ ní iná ìtọ́ka. Báyìí ni iná mẹ́rin ṣe dé ara alùpùpù, tí méjì iwájú sì ya ara wọn sọ́tùn-ún sósì lórí apá gígùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó mú kí wọ́n fẹ́ kí àwọn iná yìí máa tàn láìdáwọ́ dúró. Bí ọkọ̀ bá kọlu alùpùpù, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu awakọ̀ ni pé, “N kò rí i.” Àwọn kan rò pé irọ́ ni. Ní oṣù January, 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé ìwádìí ńlá kan jáde. Wọ́n ti lọ sí ojú ibi tí nǹkan bí 900 ìjàǹbá alùpùpù ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì ti yẹ ìwé ọlọ́pàá lórí 3,600 mìíràn wò. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìjàǹbá wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn ni ó kọlu ara wọn. Nínú èyí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó jẹ́ pé awakọ̀ kejì ni ó já sí ọ̀nà alùpùpù. Ohun tí ó gba iwájú nínú ohun tí ó ń fà á ni pé ojú awakọ̀ kò tètè mọ̀ pé alùpùpù ń bọ̀. Wọ́n sì rí i pé alùpùpù tí ó bá tan iná iwájú ní ọ̀sán kì í sábà kó sínú irú ewu bẹ́ẹ̀ tó èyí tí kò tan án. Ìpínlẹ̀ California kò tilẹ̀ dúró de ìwé náà: láti 1978 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí iná iwájú alùpùpù tuntun máa tàn fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́.

Bí iná iwájú bá ti ń tàn, kí ni a tún fẹ́ fi méjì mìíràn ṣe? Ọ̀rọ̀ ojú ni. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó; ṣùgbọ́n iná kan ṣoṣo ní òkèèrè kì í sọ bí òun ti jìnnà tó. Ó lè jẹ́ alùpùpù tí ó wà nítòsí, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kan ti kú, tí ó ṣì wà lókèèrè. Bí iná méjì bá jìnnà síra wọn, bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ wa ni àlàfo àárín wọn yóò máa fẹ̀ lójú wa. Àlàfo yẹn ni ojú fi ń wọn eré. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Royal Holloway, ní Yunifásítì London, tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú ènìyàn kì í lè díwọ̀n eré alùpùpù oníná kan dáadáa, ṣùgbọ́n bí iná bá di mẹ́ta, tí wọ́n to ara wọn bí ààrò, ìdíwọ̀n náà a sunwọ̀n sí i. Àwọn baba wa ti wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ó jọ pé kì í da ojú awakọ̀ rú pẹ̀lú.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro lọ́wọ́ rẹ́wáyà tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Gílóòbù tiráfíkétọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1156, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń gbóná nínú rẹ̀. Gílóòbù 1157 ní méjì: èyí tí ó lágbára ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ bí àbẹ́là 32, èyí tí kò lágbára ń fúnni ní bí àbẹ́là 3. Rẹ́wáyà a yọ ihò gílóòbù ẹlẹ́nu kan kúrò, a fi ẹlẹ́nu méjì rọ́pò rẹ̀. Wáyà tí ó ti ọ̀dọ̀ fíláṣà wá a lọ sí ibi irin alágbára. Wáyà tuntun tí ó bá iná ẹ̀yìn jọ ń gba iná a lọ sí ibi irin aláìlágbára. Báyìí, iná kékeré a máa tàn nígbà gbogbo, bí a bá sì fẹ́ yà, iná ńlá a máa ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Igun ara gílóòbù náà méjèèjì kò sí lójú kan, kí a má baà fi í sódì.

Ibi tí ìjà wà gan-an nìyí. Iná tí ń ṣẹ́jú ní àgbára nítorí pé ó ń ti inú òkùnkùn bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìmọ́lẹ̀ kan ni ó ti ń bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ mìíràn, ó lè máa ṣẹ́jú kí ẹni tí ń bọ̀ má fura. Ìlànà Amẹ́ríkà kò fojú fo èyí. Ó ní kí iná ìtọ́ka fi ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta ju iná kékeré tí ó bá a gbé inú gíláàsì kan náà lọ, ní ibòmíràn lára rẹ̀ ìlọ́po márùn-ún, kí ó sì máa ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Gílóòbù 1157 kọjá òṣùwọ̀n yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn so wáyà pọ̀, tí ó jẹ́ kí irin alágbára máa tàn ṣáá, ti pa ẹnu tiráfíkétọ̀ rẹ̀ dé. Bí ó bá tilẹ̀ sọ wáyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì láìmọ̀, bí ó bá tọ́ka sí ọ̀tún, òsì náà yóò máa dáhùn.

Àwọn ewu mìíràn tún wà. Irin aláìlágbára méjì iwájú lè jẹ nǹkan bí wáàtì 16 láàárín ara wọn. Alùpùpù kékeré tí amúnáwá rẹ̀ kò lágbára yóò máa fi bátìrì san gbèsè náà. Ooru gílóòbù tí kì í kú lè yọ́ gíláàsì oníke. Ẹni tí ó bá sì fi iná LED rọ́pò gílóòbù lè rí i pé fíláṣà ayé àtijọ́ kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́, nítorí ìwọ̀n iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ó fi ń mọ ìgbà tí yóò ṣẹ́jú. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wáyà tí a kò wé dáadáa lára alùpùpù, lẹ́bàá epo bẹntiróòlù ni ó wà.

Ẹ̀yìn náà ní òfin tirẹ̀. Pupa ni àwọ̀ iná tí ó gbọ́dọ̀ máa tàn láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Nítorí náà, Amẹ́ríkà gba iná ọsàn iwájú láyè láti máa tàn, ṣùgbọ́n kò gba ti ẹ̀yìn tí ó ní àwọ̀ ọsàn láyè. Ìlú Òyìnbó ti Yúróòpù tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan rí. Lójú ti wọn nígbà náà, iná ìtọ́ka ni iná ìtọ́ka, ìtọ́ka nìkan ni kí ó máa ṣe. Ìdí nìyí tí alùpùpù ilé-iṣẹ́ kan náà fi lè máa tan iná méjì ẹ̀gbẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, tí ìkejì rẹ̀ ní Yúróòpù kì í sì í tan án.

Àríyànjiyàn náà tún le sí i nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná lọ́sàn-án. Finland ti bẹ̀rẹ̀ é ní 1972 fún ìgbà òtútù lójú ọ̀nà ìgbèríko, Sweden tẹ̀ lé e ní 1977, Canada ní 1989, òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì mú un bá irú ọkọ̀ tuntun láti 2011. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ kígbe pé, bí gbogbo ènìyàn bá tan iná, kí ni yóò fi àwọn hàn? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlara. Ẹni tí irin yí ká àti ẹni tí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni irin rẹ̀, ìfarapa wọn kò dọ́gba.

Kí ni èyí kàn wá? Ní Nàìjíríà, a ti fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, pe alùpùpù akérò, kò sì sí ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Àjọ tí ń rí sí ààbò ojú pópó ti wà láti 1988. Malaysia ti ní kí alùpùpù máa tan iná lọ́sàn-án láti 1992. India ní kí ti tuntun máa tan án fúnra rẹ̀ láti oṣù April, 2017. Lọ́dọ̀ tiwa, iná aláwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú bí ti ilé ìjó ni a sábà ń rí lára ọ̀kadà tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Iná tí kò ní ìtumọ̀ ń gba ojú mọ́ èyí tí ó ní in lọ́wọ́.

Èrò wa ni pé iná ìfarahàn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, èdè ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ tiráfíkétọ̀ rẹ̀ di iná ìfarahàn, kí ó kọ́kọ́ tún iná iwájú àti iná ẹ̀yìn ṣe. Kí ó wo òfin ibi tí ó ń gbé, nítorí ohun tí ìlú kan gbà, ìlú kejì lè kọ̀ ọ́. Kí ó fi í mọ sí iwájú, kí iná kékeré jẹ́ kékeré nítòótọ́, kí ìyàtọ̀ sì hàn kedere nígbà tí ó bá fẹ́ yà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá sì ń tan iná kí a lè rí wa, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń wò wá lè mọ ohun tí a ń wí. Àwa àti ẹ̀yin yóò dé ilé láyọ̀ o.