Ọmọ Tí Ń Dúró De Wẹ́fíà

Ìtàn tòní kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn ọ́fíìsì tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyà ni, èyí tí a ń pè ní wẹ́fíà.

Kí ó tó dé, agbo ilé ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹnì kan bá ń na ọmọ ní ìnàkunà, aládùúgbò yóò wọlé gbà á sílẹ̀, olórí ilé yóò sì pe òbí náà. Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Agbo ilé kan náà ni ó ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè, tí ọmọ yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí a ó fi san owó rẹ̀. Ta ni ìwọ̀fà kékeré yóò fẹjọ́ sùn?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ tí kò nílé pọ̀ ní ìgboro Èkó. Ní 1941, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ọ̀gbẹ́ni Donald Faulkner ṣe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà àkọ́kọ́. Ní 1943 wọ́n ṣe òfin tí ó fún àwọn ọmọdé ní kóòtù tiwọn. Ní 1946 wọ́n fòfin de ìkiri ọjà fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14. Ọ̀pọ̀ ìyá kò fara mọ́ ọn, nítorí owó tí ọmọ ń pa wà nínú oúnjẹ ilé. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ó rọrùn láti kọ òfin ju kí a rí ẹni tí yóò máa wọ ilé dé ilé lọ.

Ní 1991, Ìlá kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó di ti Ọ̀ṣun. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní 2003. Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ire ọmọ ni òfin náà fi ṣáájú.

Kí ló dé tí ọmọ ṣì ń dúró? Bí ẹjọ́ bá dé, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yóò lọ wo ilé náà, yóò bi òbí, aládùúgbò àti olùkọ́ léèrè. Yóò kọ ìwé fún kóòtù, yóò wá ẹbí tí ó lè gba ọmọ, yóò sì padà lọ wò ó. Ọmọ kan péré nìyẹn! Bí ogún irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ọ̀kan wà ní Òkè-Ìlá, tí òmíràn wà ní Ọ̀rà, tí kò sì sí ọkọ̀, orúkọ ọmọ yóò wà nínú ìwé, ìyà yóò sì wà lára rẹ̀.

Ìwé lè sùn nínú àpótí. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè sùn. Kí ìjọba fi òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ kún un. Ní tiwa, kí a má sọ pé kò kàn wá nítorí pé wẹ́fíà wà. Igba ènìyàn ni a sọ. Òṣìṣẹ́ kan kò lè dípò wọn. Ẹ̀yin ọmọ, bí ìyà bá ń jẹ ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ sọ fún olùkọ́ yín.