Ìpìlẹ̀ Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ Yunifásítì tàbí Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òde òní láti di olùkọ́, kí a tó fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, a ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní àwọn ẹ̀kọ́ kan tí a ń pè ní ìpìlẹ̀. Àwọn ni ìtàn bí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn, ìmọ̀ nípa ọkàn ọmọdé àti bí ó ti ń dàgbà, àti ìdí tí a fi ń kọ́ ọmọ rárá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kùn sí wọn. Wọn a ní bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni àwọn wá kọ́, kí ni àwọn yóò fi ìtàn ṣe? Ìkùnsínú yìí kì í ṣe ti òní. Kí a tilẹ̀ tó ní Yunifásítì kan ní ilẹ̀ wa ni ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún olùkọ́ ti di ọ̀ràn, ọmọ Yorùbá kan tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ni ó sì sọ ọ́ jáde ketekete.

Kì í ṣe orí ilẹ̀ wa ni a ti kọ́kọ́ kọ́ àwọn olùkọ́ wa. Ní ọdún 1827 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Sàró, Àjàyí Crowther sì wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821 tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822. Ní 1876 a so ilé-ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Áfíríkà lè gba oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Henry Carr gba tirẹ̀ ní 1882, kò sì pẹ́ tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó. Àwọn baba wa yọ̀ sí èyí, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n oyè Durham, ìmọ̀ Durham ni ó ń wọ̀n.

Ní ilẹ̀ wa gan-an, Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1853. Nígbà tí Ìfọ́lé dé ní 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí lọ sí Èkó. Ní 1896 ó sì tún ṣí lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé olùkọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ àti katikíìsì, ẹnìkan náà ni. Ẹni tí ó ka àdúrà fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń lu agogo ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, ilé kan náà ni wọ́n sì máa ń lò fún méjèèjì ní ọ̀pọ̀ ìlú. Nítorí náà Ìwé Mímọ́ àti ìwà ni ìpìlẹ̀ tí a fi lélẹ̀ fún un, pẹ̀lú ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀, bí inú ọmọ náà ti rí, àti ohun tí ó ti mọ̀ kí ó tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a kọ́ ọ. Bí ó ti máa kọ́ ọmọ, ó ń rí i lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ nídìí ẹwìrì. Èmi kò kẹ́gàn ọ̀nà yìí. Ó mú àwọn ọkùnrin jáde tí ìlú lè fi ọmọ lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn láti rí irú wọn ní ìgbà kankan.

Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel Johnson. Sàró ni a ti bí i ní 1846. Bàbá rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn, a sì rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta ní 1863, lábẹ́ Bühler, ará Jámánì. Ó parí ní 1865, ó sì padà wá di olùkọ́ ní Kúdẹtì. Ogun Ìjàyè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà ni, ti Kírìjì ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ àwọn jagunjagun ní lẹ́tà yìí tún ń jókòó ti àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà, ó ń gbọ́, ó sì ń kọ. Nígbà tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ohun tí ó sọ pé ó mú òun kọ ọ́ kan ilé-ẹ̀kọ́ gbọ̀ngbọ̀n: ó ní àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí ó kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì dunjú, wọn kò sì mọ nǹkan kan nípa ìtàn ilẹ̀ tiwọn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ẹni ìta ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kọ́ ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó wo ìpìlẹ̀ náà tí ó rí ibi tí ó ṣófo. Ó kú ní 1901 kí a tó tẹ ìwé náà. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, àbúrò rẹ̀ Obadiah ni ó tún un kọ, ó sì jáde ní 1921.

Ìjọba kò ṣe púpọ̀ láti dí ihò náà. Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1882 mú kí owó ìrànwọ́ máa tẹ̀lé èsì ìdánwò, nípa bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó lè mú ọmọ kà á sórí ni ó di olùkọ́ rere. Òfin ti 1926 ṣe dáradára ní ti pé ó ní kí a máa kọ orúkọ àwọn olùkọ́ sínú ìwé, kí ó má jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáà lè dìde kí ó máa kọ́ ọmọ. Kí a sì má ṣe àbòsí: St. Andrew's ni a ti kọ́ D. O. Fágúnwà, láti 1926 títí di 1929, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń ṣe olùkọ́ nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Ilé tí irú èyí ti jáde kò ta èdè Yorùbá nù.

Nígbà tí Yunifásítì dé Ìbàdàn ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó bẹ̀rẹ̀, Yunifásítì London ni ó sì ń fún wọn ní oyè. Ìmọ̀ jinlẹ̀ ni ibẹ̀ ń wá; ẹ̀kọ́ olùkọ́ kò sí ní iwájú. Lẹ́yìn ọdún méje, ní oṣù kìíní 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tí iye wọn ń lọ sí 457,000 ní 1954 di 811,432 láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ta ni yóò kọ́ wọn? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a dúró níwájú wọn kò rí ẹ̀kọ́ olùkọ́ kankan rí, a sì sáré dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ kéékèèké sílẹ̀ kiri. Ohun rere ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, èmi kò jẹ́ bá ẹni tí ó bá bú u kẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú bá ń kán ni, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gé kúrò, àwọn ọmọ ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ Ashby ni ó sọ ọ́ gbangba ní 1960 pé kí Yunifásítì máa fi oyè fún ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nsukka kọ́kọ́ gbà á, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí a mẹ́nu bà lókè ti di dandan. Ìtàn ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ni ó kún inú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé Johnson kò sọ̀rọ̀ rí.

Bàbátúndé Fáfúnwá ni ó yí i padà. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n Grammar School ti C.M.S. ní Èkó ni ó lọ. Ní 1974 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, kò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ajíhìnrere. Ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ìkíni, àlọ́, òwe, iṣẹ́ ọwọ́, àti ìbọ̀wọ̀ fún àgbà. Kí ó tó kọ ọ́ ni ó ti dán ohun kan wò. Ní 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú kí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, tí ó sì ní olùkọ́ tirẹ̀. A ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti fún ìmọ̀ ẹ̀dá, kí a sì tún àwọn olùkọ́ kọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ti fi kọ́ àwọn náà ní gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a dán àwọn ọmọ wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Àwọn ará wa ní Oǹdó kò jìnnà sí ọ̀ràn yìí. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn olùkọ́, èyí tí ó ti di Yunifásítì ní ọdún àìpẹ́ yìí. Orúkọ àlùfáà ìjọ wa kan, Canon M. C. Adéyẹmí, ni a fi sọ ọ́, ẹni tí ó dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ ní 1919. Ní 1914, ọdún méje kí ìwé Johnson tó jáde, Adéyẹmí ti tẹ ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí jáde ní èdè Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn tí ó ń bọ̀ wá di olùkọ́ ń kà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé lọ kọ́ ìtàn ẹ̀kọ́.