Orúkọ Bárékè àti Òṣùká Alárù: Ìgbé-Ayé Ojoojúmọ́ Sójà Nàìjíríà ní Bọ́mà ní Àkókò Kérésìmesì, 1943 àti 1944

Ẹni tó bá gba Maitama kọjá ní Àbújá yóò rí Lungi Bárékè. Ẹni tó bá gba Asokoro kọjá yóò rí Mogadishu, bárékè tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi orúkọ Ọ̀gágun Sani Abacha pè. Lungi wà ní Sàró, níbi tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG ti jà. Mogadishu ni olú-ìlú Sòmálíà, níbi tí Nàìjíríà rán ọmọ ogun lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àṣà fífi orúkọ ojú ogun ilẹ̀ òkèèrè sọ bárékè kò ti Àbújá bẹ̀rẹ̀. Èkó ní Dodan, Myohaung àti Arakan. Ìbàdàn ní Letmauk. Kàdúná ní Dalet àti Kalapanzin. Ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wá. Dodan Bárékè yìí gan-an ni ìjọba ológun ti ń pàṣẹ fún Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi kó ibùjókòó ìjọba wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Kò ṣòro kí ẹni tí kò mọ̀ máa rò pé ọ̀rọ̀ Hausa ni Dodan.

Ohun tí orúkọ wọ̀nyí ń sọ ni ibi tí a ti jà tí a sì ṣẹ́gun. Bí sójà ṣe ń jí, ohun tó ń jẹ, ẹrù tó ń rù, èdè tó fi ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kò sí èyí tí a lè kà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú nǹkan wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́ ayé sójà ń lọ. Ìjà lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹrù rírù, iṣẹ́ ọ̀nà àti ìṣọ́ òru ni wọ́n ń gba oṣù.

Ogun Hítílà ni Yorùbá pe ogun náà. Orúkọ yẹn yani lẹ́nu díẹ̀, nítorí àwọn tó lọ sí Bọ́mà kò bá ará Jámánì kankan jà. Àwọn ará Jàpáànì ni wọ́n dojú kọ. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1943 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Dìfíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Íńdíà lọ́dún kan náà. Dìfíṣọ̀n 82 tẹ̀ lé wọn. Ará Nàìjíríà, Góòlù Kóòsì, Sàró àti Gáńbíà ló wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ará Nàìjíríà ló pọ̀ jù. Àwọn ọmọ Òkè Ọya ló pọ̀ láàrin àwọn agbébọn. Àwọn tó ti gúúsù wá, tí Yorùbá jẹ́ ara wọn, pọ̀ nínú akọ̀wé, awakọ̀, káfíńtà àti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, nítorí pé wọ́n ti jókòó sílé ẹ̀kọ́. Owó oṣù wọn kéré sí ti sójà òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ewu kan náà.

Kérésìmesì 1943 bá Dìfíṣọ̀n 81 lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó wọ àfonífojì odò Kaladan ní Arakan, nítorí náà àwọn sójà ni wọ́n la ọ̀nà kan láti Chiringa dé Daletme, nǹkan bí máìlì 75, lórí òkè àti nínú igbó. Àdá, ṣọ́bìrì àti dígà ni ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1944, ọkọ̀ jíìpù ti ń gba ibẹ̀. Ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sọ ọ́. Ní ilé lọ́hùn-ún, ìgbà ọyẹ́ ni, ìgbà tí ètè ń bó tí awọ ara ń funfun. Ní Arakan, ẹ̀ẹ̀rùn ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tí ọmọ Yorùbá mọ̀. Ìkùukùu a máa bo àfonífojì láàárọ̀ débi pé ọ̀nà kò ní hàn, ìrì a máa rin aṣọ, òtútù òru a sì máa wọ egungun ẹni tó sùn nínú kòtò.

Ọjọ́ sójà a máa bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí oòrùn tó yọ àti nígbà tó bá ń wọ̀, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wà nínú kòtò tirẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, nítorí àkókò méjèèjì yẹn ni ọ̀tá fẹ́ràn láti kọlu ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbé oògùn ibà mì. Mepacrine ni orúkọ oògùn náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ó sì máa ń sọ awọ ara di pupa rúsúrúsú. Ẹni tó bá kọ̀ láti lò ó, ẹ̀fọn Arakan yóò bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrìn, tàbí iṣẹ́, tàbí ìṣọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí iná dídá, kò sí ariwo.

Oúnjẹ wọn, láti òkè ló ti ń bọ̀. Bí wọ́n ti wọ àfonífojì Kaladan, bàálù Dakota ni ó ń já oúnjẹ, ọta ìbọn àti oògùn sílẹ̀ fún wọn: àwọn ẹrù tó lè fọ́ a máa wá nínú agboorùn aláṣọ, àpò ìrẹsì a sì máa já bọ́ lásán. Dìfíṣọ̀n 81 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n fi bàálù nìkan bọ́ látòkè délẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bàálù kò lè gbé ẹrù dé ẹnu kòtò. Láti ibi tí ẹrù bá balẹ̀ sí, orí ènìyàn ló ń gbà á. Àwọn alárù, tí wọ́n jẹ́ sójà bíi ti àwọn yòókù, ni wọ́n ń ru àpótí ọta, ìrẹsì, àti aláìsàn pàápàá, gòkè sọ̀ kalẹ̀. Àmì tí Dìfíṣọ̀n 82 ń so mọ́ apá jẹ́rìí sí i: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká alárù. Nínú gbogbo àmì ogun náà, bóyá èyí nìkan ló sọ òótọ́ nípa bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ó ṣeni láàánú pé kò sí bárékè kankan tó ń jẹ́ Òṣùká.

Ní ti èdè, Hausa ni èdè àṣẹ ní bárékè láti ayébáyé. Nígbà ogun náà, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbapò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá wọṣẹ́ ogun ní láti gbọ́ èdè méjì tí kì í ṣe tirẹ̀ kó tó lè mọ̀ bóyá wọ́n ní kó sáré tàbí kó dúró. Lẹ́tà ilé ni ibi tí èdè rẹ̀ ì bá ti rí àyè, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé ń bẹ ẹlòmíràn kó bá òun kọ ọ́, ọ̀gá sì ń ka lẹ́tà kó tó kúrò ní àgọ́. Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu ẹni méjì kọjá, tí ẹnì kẹta tún fi ojú ṣọ́, mélòó ló máa ń kù nínú rẹ̀? Èyí wà lára ìdí tí ìtàn Bọ́mà fi pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ju inú ìwé lọ.

Ẹnì kan sá kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ogun ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1942, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànì ká wọn mọ́ létí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ kú, ìbọn fọ́ egungun itan Fadoyebo. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni Dìfíṣọ̀n 81 fà sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó padà wá wò wọ́n. Òun àti David Kagbo, sájẹ́ńtì láti Sàró, ni wọ́n ṣẹ́kù nínú igbó náà. Àwọn ará abúlé, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, títí àgbẹ̀ kan, Shuyiman, fi kó wọn sínú ilé ara rẹ̀. Bí àwọn ará Jàpáànì bá mọ̀, tilé-tọ̀nà ni wọn ì bá pa àgbẹ̀ náà.

Oṣù mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ìgbé-ayé ojoojúmọ́ sójà yìí kò ní ìṣọ́ tàbí ìrìn mọ́. Àyè tí ó tó ènìyàn méjì láti dùbúlẹ̀ ni, pẹ̀lú ìrẹsì tí ìyàwó oníyàwó sè, àti etí tó ń gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tá ń kọjá. Wọn kò mọ èdè onílé. Onílé kò mọ tiwọn. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì padà gba àdúgbò náà, wọ́n sì rí wọn. Oṣù yẹn kan náà ni Dìfíṣọ̀n 82 gba Buthidaung, tí wọ́n sì ń múra láti gun òkè lọ sí Kaladan. Ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e ni Myohaung bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kérésìmesì àwọn yòókù bá wọn lójú ọ̀nà lábẹ́ ẹrù. Ti Fadoyebo jẹ́ Kérésìmesì ẹni tí wọ́n ti ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó sọnù.

Fadoyebo padà sílé ní ọdún 1945, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó. Ìwé rẹ̀, tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, lẹ́yìn ọdún 55 tí ìbọn bà á.

Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn akọni ní National Arcade ní Àbújá, tí Ààrẹ ń gbé òdòdó kalẹ̀ tí wọ́n sì ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé e lọ sí ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, nítorí ọjọ́ náà ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé ni ọjọ́ náà ń mú wá sọ́kàn lákọ̀ọ́kọ́, ti Bọ́mà sì wà lẹ́yìn, nínú orúkọ bárékè.

Ní ọdún 2011, oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà Fadoyebo lọ sí abúlé tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Shuyiman ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gba lẹ́tà náà, wọ́n sì gbọ́ ọpẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kọkànlá, Fadoyebo náà papò dà.