Pásípọ́ọ̀tù Wà, Ilẹ̀ Ńkọ́? Ìtàn àwọn Chamorro àti àwọn ará Chagos

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ká ní wọ́n ní kí ẹ wá gba pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin, ọmọ yín àti ọmọ ọmọ yín, àmọ́ kí ẹ fi ilẹ̀ bàbá yín sílẹ̀ fún sójà, ṣé ẹ máa gbà?

Mo ti rí àwọn tó ń nawọ́. "Ilẹ̀ wo? Ṣé èyí tí ọmọ onílẹ̀ ti tà fún èèyàn mẹ́ta?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Ìtàn erékùṣù méjì ni mo fẹ́ sọ. Ibùdó ológun Amẹ́ríkà wà lórí méjèèjì lónìí. Àwọn tó ni ọ̀kan rí pásípọ́ọ̀tù gbà. Àwọn tó ni èkejì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà, kò rí nǹkan kan gbà nígbà tí wọ́n lé wọn.

Guam ni àkọ́kọ́. Inú Òkun Pàsífíìkì ló wà, ó sì sún mọ́ Jàpáàn àti Filipíìnì ju Amẹ́ríkà lọ fíìfíì. Kò tóbi rárá. Ìpínlẹ̀ Èkó, tó kéré jù ní Nàìjíríà, ju ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ lọ. Àwọn Chamorro ló ni ín, wọ́n sì ti ń gbé ibẹ̀ fún ohun tó lé ní 3,000 ọdún.

Ọdún 1521 ni Ferdinand Magellan dé ọ̀dọ̀ wọn. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kú lójú òkun. Àwọn Chamorro gòkè wá sínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n sì mú ọkọ̀ kékeré kan lọ. Magellan bá tẹ̀ lé wọn délé, ó dáná sun ilé wọn, ó pa èèyàn méje, ó wá sọ ibẹ̀ ní Erékùṣù Àwọn Olè. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ wọn fún ohun tó lé ní 140 ọdún. Ẹni tó jó ilé onílé ló ń pe onílé lólè o.

Lẹ́yìn náà ni àlùfáà Sípéènì dé ní 1668, sójà sì tẹ̀ lé e. Ogun bẹ́ sílẹ̀, àrùn wọlé, wọ́n kó àwọn tó kù jọ sí abúlé díẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Nígbà tó fi máa di 1710, gbogbo Chamorro tó ṣẹ́ kù kò tó 5,000.

Bí Guam ṣe bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àwàdà. Ní oṣù kẹfà 1898, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé, ó yìnbọn. Àwọn aláṣẹ Sípéènì rò pé wọ́n ń kí àwọn ni, torí ìròyìn ogun ò tíì dé etí wọn. Wọ́n lọ bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má bínú, àwọn ò ní ẹ̀tù ìbọn tí àwọn máa fi dá ìkíni padà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún wọn pé ẹlẹ́wọ̀n ogun ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Chamorro.

Guam lọ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Sípéènì ta àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá, Saipan, Rota àti ìyókù, fún Jámánì ní 1899. Ọmọ ìyá kan náà, ọba méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Fún bí ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún, ológun ojú omi Amẹ́ríkà ló ń ṣe gómìnà Guam. Òun ló ń ṣòfin, òun náà ló ń mú un ṣẹ. Wọ́n fòfin de èdè Chamorro ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ ọ́ nílé ìwé. Ẹ̀yin tí wọ́n ti nà rí torí pé ẹ sọ Yorùbá ní kíláàsì, ẹ ò nílò àlàyé.

Nígbà yẹn, ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sumay. Ìlú tó rí ṣe ni. Àwọn tó ń bójú tó wáyà tẹligíráàfù abẹ́ òkun wà níbẹ̀, láti 1935 sì ni ọkọ̀ òfurufú Pan American tó ń ré Pàsífíìkì kọjá ti ń bà sẹ́bàá rẹ̀. Jàpáàn gba Guam ní oṣù Kejìlá 1941, wọ́n lé àwọn ará Sumay jáde. Amẹ́ríkà gbà á padà ní 1944. Ará Sumay rò pé ó ti tó àkókò láti lọ sílé.

Wọn ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Santa Rita ni wọ́n kó wọn sí. Inú ibùdó ológun ojú omi ni Sumay wà títí di òní. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń ṣètò kí àwọn ọmọ Sumay wọlé, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n wo sàréè àwọn bàbá wọn. Ẹ rò ó wò: kí ẹ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ sójà kí ẹ tó lè gé koríko orí sàréè ìyá yín.

Kì í ṣe Sumay nìkan. Ilẹ̀ oko, etí òkun, odindi àdúgbò ni ológun kó mọ́ ọn lẹ́yìn ogun, owó tí wọ́n sì san kéré. Ẹjọ́ lórí owó yẹn dé àwọn ọdún 1980 kó tó parí, ó sì já sí dọ́là mílíọ̀nù 39.5 fún gbogbo wọn. Títí di òní, ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin Guam lọ ló wà lọ́wọ́ ológun.

Pásípọ́ọ̀tù wá ńkọ́? Jíjà ni wọ́n jà fún un. Ní oṣù kẹta 1949, àwọn aṣojú Guam dìde nílé ìgbìmọ̀, wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn ò jókòó mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1950, òfin sọ wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà. Mi ò ní fojú kéré ìyẹn, torí ó tú wọn sílẹ̀ lábẹ́ gómìnà ológun tí kì í gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ẹ wo irú ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jẹ́. Wọn ò lè dìbò yan ààrẹ bí wọ́n bá ń gbé ní Guam. Wọ́n ní aṣojú kan ní Washington tó lè sọ̀rọ̀, tí kò lè dìbò nígbà tí òfin bá dé ojú abẹ. Ààrẹ tí wọn ò yàn sì lè rán ọmọ wọn lọ sójú ogun, bẹ́ẹ̀ Guam wà lára ibi tí àwọn ọmọ ti ń wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà jù. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n gba ilẹ̀ bàbá fún bárékè, ọmọ wá lọ wáṣẹ́ nínú bárékè náà.

Ẹ rántí àwọn ọmọ ìyá tí wọ́n pín níyà? Àwọn erékùṣù àríwá gba ọwọ́ Jámánì àti Jàpáàn kọjá kí wọ́n tó bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun, ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n sì bá Amẹ́ríkà jókòó ṣàdéhùn. Nítorí àdéhùn yẹn, arúgbó tàbí abirùn tí kò ní lọ́wọ́ ní Saipan lè gba owó ìrànlọ́wọ́ oṣooṣù kan láti Washington. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Guam kò lè gbà á. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, pásípọ́ọ̀tù kan náà. Ó ku ẹni tó máa sọ ìdí rẹ̀ fún àbúrò.

Ọjà wọ́n pẹ̀lú. Òfin kan láti 1920 ní ẹrù tó bá ń ti èbúté Amẹ́ríkà lọ sí Guam gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ tó ń gbé àsíá Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ ti ọmọ Amẹ́ríkà. Owó ọkọ̀ yẹn, orí ẹni tó ń ra ìrẹsì ló ń já lé. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló wà nínú òṣì níbẹ̀. Owó ń wọlé o, látọ̀dọ̀ ológun àti àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti Jàpáàn àti Kòríà. Àmọ́ ilé àti ilẹ̀ ti gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀ onílé.

Nítorí náà, wọ́n ń jápa. Chamorro tó wà ní Amẹ́ríkà gan-an ti pọ̀ ju èyí tó wà ní Guam lọ. Nínú àwọn tó lé ní 153,000 tí wọ́n kà ní Guam ní 2020, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta péré ni Chamorro. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ dìbò sọ irú ìjọba tí wọ́n fẹ́, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fagi lé e ní 2019, ó ní ẹ̀yà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ìbò.

Ohun kan wà tó wú mi lórí nípa wọn. Wọ́n ń pè é ní chenchule'. Bí òkú bá kú tàbí ìgbéyàwó bá dé, mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ máa mú owó tàbí oúnjẹ wá, àwọn onílé á kọ ọ́ sílẹ̀: lágbájá mú iye báyìí wá. Ọjọ́ tó bá kan lágbájá, wọ́n á san án padà. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí tábìlì níbi òkú ní Ọ̀ṣogbo tàbí Ìjẹ̀bú, tó ń fi bírò kọ orúkọ àti iye owó sínú ìwé, ó mọ chenchule', orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọjá sí Òkun Íńdíà.

Erékùṣù Chagos ni ibẹ̀, Diego Garcia ló tóbi jù nínú wọn. Àwọn Faransé ló kó ẹrú lọ síbẹ̀ láti Mòsáńbíìkì àti Madagásíkà ní ìparí àwọn ọdún 1700, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko àgbọn. Oko ẹrú parí, àwọn ọmọ wọn ò lọ. Wọ́n ní èdè, wọ́n ní ilé, adìẹ àti ọgbà, wọ́n ní ìtẹ́ òkú. Owó iṣẹ́ kéré, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò níṣẹ́.

Amẹ́ríkà fẹ́ ibùdó. Ní 1965, Ìlú Ọba gé Chagos kúrò lára Mauritius kí Mauritius tó gbòmìnira, wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn. Amẹ́ríkà náà dín mílíọ̀nù 14 dọ́là kù fún Ìlú Ọba lórí àdó olóró tí wọ́n ń rà, wọn ò sì jẹ́ kí aráyé mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé láàárín ara wọn pé kí àwọn máa sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ ní tòótọ́, alágbàṣe tó máa lọ ni gbogbo wọn.

Wọn ò kọ́kọ́ fi ìbọn lé wọn. Ẹni tó bá lọ gba ìtọ́jú ní Mauritius, tó bá fẹ́ wọkọ̀ padà, wọ́n á ní kò sí ọkọ̀ mọ́, wọ́n ti ta erékùṣù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ìdílé Olivier Bancoult ní 1968, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pa ajá wọn, ajá tí àwọn ọmọdé sọ lórúkọ, wọ́n tì wọ́n sínú ilé, wọ́n fi èéfín pa wọ́n. Àwọn èèyàn ló kàn láti wọkọ̀. Nígbà tó fi di 1973, nǹkan bí 1,500 sí 2,000 ti kúrò, kò ku ẹnì kan.

Wọ́n já wọn sí Mauritius àti Seychelles. Iṣẹ́ àgbọn ni wọ́n mọ̀, ìrèké ni Mauritius ń gbìn. Àwọn tó ti ń jẹ ẹja tútù láti kékeré wá ń gbé inú páànù ní ẹ̀yìn Port Louis, ọ̀pọ̀ kò ríṣẹ́. Owó ìtanràn àkọ́kọ́, 650,000 pọ́n-ùn fún gbogbo wọn, pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wọn. Ní 1982, wọ́n tún san mílíọ̀nù mẹ́rin, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ka ti gbà pé òun ò ní padà sílé láéláé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà.

Pásípọ́ọ̀tù wọn dé ní 2002, ó sì jẹ́ ti Ìlú Ọba. Àwọn kan wọkọ̀ òfurufú lọ sí Gatwick, wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Crawley tó wà lẹ́bàá pápákọ̀ náà. Bancoult ti borí ìjọba ní kóòtù ní 2000. Ìjọba fi àṣẹ ọba fagi lé e ní 2004. Ní 2008, adájọ́ mẹ́ta sí méjì ní kóòtù tó ga jù gbè sẹ́yìn ìjọba.

Báyìí, ẹ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Chamorro ní pásípọ́ọ̀tù, ilé ìwé, owó dọ́là, gómìnà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn. Ará Chagos jẹ òṣì fún ìran méjì. Ẹni tó bá ní ìyà kan náà ni wọ́n jẹ, irọ́ ló ń pa. Ibi tí wọ́n ti jọra ni pé ọ̀nà àtilọ ni àwọn méjèèjì rí gbà, kò sẹ́ni tó fún wọn ní ọ̀nà àtibọ̀. Yorùbá ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ará Sumay àti ará Diego Garcia ṣì wà lóko.

Mo mọ̀ pé àwa tó ní ilẹ̀ náà ń tò síwájú ọ́fíìsì físà. Ilẹ̀ nìkan kì í yóni. Àmọ́ ẹni tó jápa láti Abẹ́òkúta lè bẹ̀rẹ̀ ilé síbẹ̀ láti Houston, kó wá jẹ Kérésì nínú rẹ̀.

Àwa náà ò jìnnà sí i, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ní 1960, ìjọba wa bá Ìlú Ọba ṣàdéhùn ológun tó fún ọkọ̀ òfurufú wọn láyè lójú sánmà wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn lọ sí Èkó, wọ́n fẹ̀hónú hàn títí dé ilé ìgbìmọ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní 1962, wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín ni wọ́n.

Ní Guam, Angel Santos náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ sórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ológun, kóòtù ní kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ó tún débẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 2000. Àmọ́ ìjà òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ìjọba Guam bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ ìjọba fún Chamorro, dọ́là kan lọ́dún, fún ọdún 99. Ẹ̀yin tó mọ ìwé ilẹ̀ Èkó, ẹ mọ 99 yẹn dáadáa.

99 náà ló tún jáde nínú ọ̀rọ̀ Chagos. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2025, Ìlú Ọba fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé Mauritius ló ni Chagos, kí Ìlú Ọba máa yá Diego Garcia fún ọdún 99, kí ibùdó Amẹ́ríkà dúró síbẹ̀. Mauritius lè dá èèyàn padà sí àwọn erékùṣù tó kù, kì í ṣe Diego Garcia. Ní òru ọjọ́ náà, obìnrin méjì tí wọ́n bí sí Diego Garcia gba àṣẹ kóòtù ní London pé kí wọ́n dá a dúró, torí kò sẹ́ni tó bi àwọn. Ní ọ̀sán, adájọ́ mìíràn ká àṣẹ náà kúrò. Kó tó di alẹ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i.