Ta Ló Ni Àlàpà?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn baba wa ń lò fún ibùgbé tí ènìyàn ti fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo ni ó wó, tí ògiri rẹ̀ nìkan ṣẹ́ kù lórí ìdúró, àlàpà ni à ń pè é. Bí ó bá jẹ́ odidi abúlé tàbí ìlú ni ó tú, tí igbó sì bò ó, ó di ahoro. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí wọ́n ṣí kúrò níbẹ̀ bá ṣì ń rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orísun wọn, orílé ni wọn yóò máa pè é. Ogun tú ìlú Òwu ní àwọn ọdún 1820, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n ká títí dé Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, nígbà tí a tún tẹ ibẹ̀ dó, Orílé-Òwu ni orúkọ tí ó mọ́ ọn lórí títí di òní. Èyí fi hàn pé lójú Yorùbá, ibi tí ó ti wó kò ṣàì ní olóhun. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan àlàpà, ẹbí ní láti kọ́kọ́ jókòó. Wọn yóò béèrè ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ẹni tí a bí síbẹ̀, àti ẹni tí a sin síbẹ̀.

Ní ayé òde òní, kì í ṣe ilé gbígbé nìkan ni ó ń di àlàpà. Ilé-iṣẹ́ ńlá ń kógbá sílé, èbúté ń di àpatì, ọgbà rélùwéè ń hu koríko. Níbi tí ẹbí ì bá ti jókòó, kánsù ìlú ni ó ń jókòó. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ìtàn ìdílé. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni pé: nígbà tí kánsù bá ń pinnu ohun tí a ó fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, ohùn ta ni ó yẹ kí ó gbọ́? Ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwa náà ní ìpín nínú àlàpà rẹ̀.

Ìpín náà kì í ṣe kékeré. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Liverpool di olórí èbúté òwò ẹrú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí òfin fi òpin sí òwò náà ní ọdún 1807, àwọn oníṣòwò ìlú yìí kan náà gbájú mọ́ epo pupa, èyí tí wọ́n nílò fún ọṣẹ, àbẹ́là àti ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ gbẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun kò sì lè gbàgbé Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tí ó ń rìn láàárín Èkó àti Liverpool láti ọdún 1951 títí di 1972. Gẹ́gẹ́ bí ẹrú ni ìwé ìṣirò wọn kọ́kọ́ mọ̀ wá, lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí elépo, ní ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1846 ni wọ́n ṣí Albert Dock. Jesse Hartley, ẹnjiníà àwọn èbúté ìlú náà, fi bíríkì, òkúta àti irin kọ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ yí omi ká, kí iná má baà rí pákó jẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń tóbi sí i, èbúté náà kò sì gbà wọ́n mọ́. Ní ọdún 1972 wọ́n tì í pa, ẹrẹ̀ odò Mersey sì kún inú rẹ̀. Àwọn kan dábàá pé kí wọ́n wó o palẹ̀. Ní ọdún 1981 ni ìjọba London dá àjọ Merseyside Development Corporation sílẹ̀, tí ó sì gbé àṣẹ ètò ilẹ̀ etí omi náà lé e lọ́wọ́ dípò kánsù. Àjọ náà kó ẹrẹ̀ kúrò, ó tún ògiri ṣe. Nígbà tí ó fi di ọdún 1988, ibi ìtajà àti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́sí ti wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1981 yìí kan náà ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Toxteth, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ìlú náà ń gbé. Àìríṣẹ́ṣe àti ìwà àwọn ọlọ́pàá sí àwọn ọ̀dọ́ wà lára ohun tí ó fà á. Wọ́n tún ògiri ṣe tipẹ́ kí wọ́n tó sọ ìtàn. Ó di ọdún 1994 kí yàrá ìṣàfihàn nípa òwò ẹrú tó wà ní Albert Dock. Ó di 1999 kí kánsù tó tọrọ àforíjì ní gbangba fún ipa tí ìlú náà kó nínú òwò náà. Ó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2007, igba ọdún gééré lẹ́yìn òfin 1807, kí International Slavery Museum tó ṣílẹ̀kùn, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rú ṣe láyé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Albert Dock, kí a dé àdúgbò Vauxhall ní ìhà àríwá ìlú náà. Níbẹ̀, ní Love Lane, ni Henry Tate kọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń fọ ṣúgà sí ní ọdún 1872. Nígbà tí ó kógbá sílé ní 1981, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Kánsù sì ti ń gbèrò láti wó àwọn ilé alájà àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbé, kí wọ́n sì pín wọn káàkiri. Àwọn ará òpópónà Eldon kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n ní orí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ṣúgà náà ni àwọn yóò kọ́ ilé sí. Láti ọdún 1983, agbára wà lọ́wọ́ àwọn aṣèlú tí wọ́n gbà pé kánsù fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa kọ́lé fún mẹ̀kúnnù. Wọ́n tako ètò náà. Ọ̀dọ̀ ìjọba London ni àwọn ará àdúgbò ti rí àṣẹ gbà. Abúlé tí wọ́n kọ́, Eldonian Village, gba ẹ̀bùn World Habitat Award nígbà tí ó yá. Ilé-iṣẹ́ ni ó tú. Ìlú kò tú. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kánsù tí ó ń fi gbogbo ẹnu jà fún mẹ̀kúnnù pàápàá lè ṣàì gbọ́ ohùn mẹ̀kúnnù.

Àpẹẹrẹ kẹta ni ó ṣòro jù. Ní ọdún 2004, Àjọ UNESCO fi àwọn èbúté Liverpool kún ogún gbogbo àgbáyé. Ní 2012, kánsù fọwọ́ sí ètò kíkọ́ ilé ńláńlá sí etí omi náà. UNESCO figbe ta. Ní oṣù kejì ọdún 2021, kánsù tún fọwọ́ sí i pé kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Everton kọ́ pápá ìṣeré sí Bramley-Moore Dock, èyí tí Hartley kan náà kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní 1848. Ní oṣù keje ọdún náà, UNESCO yọ orúkọ Liverpool kúrò nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n fi iyanrìn dí omi èbúté náà, pápá tí ó gba ènìyàn tí ó lé ní 52,000 sì ṣílẹ̀kùn ní ọdún 2025.

N kò ní dá kánsù lẹ́bi pátápátá. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àdúgbò tí ebi ń pa kò lè fi oyè UNESCO se ọbẹ̀, èbúté tí a tì pa kò sì fún ọmọ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Orúkọ ni ó jẹ mí lógún jù. John Bramley-Moore, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ èbúté náà, ṣòwò fún ọdún púpọ̀ ní Rio de Janeiro kí ó tó padà wálé ní 1835, nígbà tí Brazil ṣì ń kó ẹrú wọlé, tí àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tí a ń tà níbẹ̀. Ìtàn kan wà nínú orúkọ yẹn tí ó yẹ kí ọmọ ìlú béèrè. Lónìí, orúkọ ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ó sanwó, Hill Dickinson, ni ó wà lára pápá náà. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé kò yẹ kí a wo àpò nìkan.

Èmi kò sọ pé kí kánsù Liverpool ránṣẹ́ sí Ọba Èkó kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí mo ń sọ ni pé olóhun mẹ́ta ni àlàpà ilé-iṣẹ́ ní: ẹni tí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó fi òógùn rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti ẹni tí ọjà tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sọ ibẹ̀ di ọlọ́rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kì í pàdánù àga níwájú kánsù. Ẹnì kejì ní láti jà kí ó tó rí i. Ẹnì kẹta, yàrá ìṣàfihàn ni a máa ń fún un, nígbà tí ọdún bá ti gorí ọdún.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni ọkàn rélùwéè tí a bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní ọdún 1896. Jaekel House, ilé ọ̀gá rélùwéè tí a kọ́ síbẹ̀ ní 1898, ti rí àtúnṣe, ó sì ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́sí. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, pẹ̀lú Michael Imoudu olórí wọn, wà ní iwájú ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1945. Bí ọjọ́ bá dé tí ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó lórí àwọn ọgbà iṣẹ́ náà, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹbí máa ń béèrè lórí àlàpà. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú, kí katakata tó dé.