Tírẹ́ẹ̀dì

Tírẹ́ẹ̀dì ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ìlà tó lọ́ yí ara bóòtì ká, tí nọ́ọ̀tì ń tẹ̀lé wọlé. Kì í ṣe oríṣi kan, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ẹni tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní Ọ̀fà ti máa ń le. Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná láti 1975 ń lo tírẹ́ẹ̀dì oní-mìlímítà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dàgbà jù ú lọ ń lo ti Joseph Whitworth, tó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde ní 1841.

Àwọn tó jọra ló léwu jù. Bóòtì M8 fẹ̀ ní mìlímítà 8. Ti ínǹṣì 5/16 jẹ́ mìlímítà 7.94. Ojú lásán kò lè yà wọ́n! Nọ́ọ̀tì yóò wọlé díẹ̀, yóò há. Bí ẹ bá fi sípánà fipá dè é, eyín tírẹ́ẹ̀dì á jẹ. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dè é, kí ẹ sì gbé géèjì, irin pẹlẹbẹ eléyín bí ayùn, lé bóòtì náà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín eyín méjèèjì, kì í ṣe oríṣi rẹ̀ nìyẹn.