Manuel Belgrano: Agbẹjọ́rò tí ó Di Ọ̀gágun

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó gba ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà kúrò lọ́wọ́ ọba Sípéènì, àwọn tí a tọ́ dàgbà sínú iṣẹ́ ogun ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàrin wọn tí ó jẹ́ pé ìwé òfin ni ó kọ́. Manuel Belgrano ni orúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtàn rẹ̀.

Ìlú Buenos Aires ni a ti bí i ní ọdún 1770. Oníṣòwò pàtàkì, ará Ítálì, ni bàbá rẹ̀. Wọ́n rán ọmọ náà lọ sí Sípéènì, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Salamanca àti Valladolid, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1793. Nígbà tí ó padà délé, wọ́n fi í ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìṣòwò. Kò sinmi níbẹ̀. Ó ń rọ̀ wọ́n ṣáá pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún tọkùnrin tobìnrin. Díẹ̀ tí ó rí dá sílẹ̀, àṣẹ láti Sípéènì ni ó tì í pa.

Lóòótọ́, wọ́n ti fún un ní ipò ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú ní 1797. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó jẹ́wọ́ pé nítorí aṣọ oyè náà ni òun ṣe gbà á, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ogun. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ìlú náà ní 1806, ojú tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ ogun.

Ní 1810, àwọn ará ìlú lé ajẹ́lẹ̀ ọba kúrò, Belgrano sì wà nínú ìjọba tuntun. Àwọn ni wọ́n ní kí ó kó ogun lọ sí Paraguay. Ìyà jẹ wọ́n lọ́hùn-ún: wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní Paraguarí àti ní Tacuarí ní 1811. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Belgrano wo ẹ̀yìn.

Ní oṣù kejì ọdún 1812, ní Rosario, létí odò Paraná, ó ta àsíá tí Ajẹntínà ń lò títí di òní. Kò pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe olórí ogun ìhà àríwá. Nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀, ó pàṣẹ fún gbogbo ará Jujuy pé kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde, kí wọ́n sì sun oko tí wọn kò lè kó, kí ọ̀tá má bàa rí nǹkan jẹ. Ìjọba ní kí ó máa sá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Tucumán bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró, ó sì dúró. Ó ṣẹ́gun níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó tún ṣẹ́gun ní Salta ní oṣù kejì ọdún 1813.

Ní Tucumán, obìnrin dúdú kan, María Remedios del Valle, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ó kọ̀. Obìnrin náà lọ síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Belgrano tún èrò rẹ̀ pa, ó sì fi í ṣe ọ̀gá nínú ọmọ ogun. Nígbà tí a ṣẹ́gun wọn ní Ayohuma ní òpin ọdún 1813, ọ̀tá mú obìnrin náà, wọ́n sì nà án lẹ́gba.

Nítorí ìṣẹ́gun Salta, ìjọba fún Belgrano ní 40,000 peso. Kò fi kọ́ ilé, kò fi ra oko. Ó ní kí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin sílẹ̀ ní Tarija, Jujuy, Tucumán àti Santiago del Estero. Ó kọ òfin wọn fúnra rẹ̀: ó ní kí wọ́n fún olùkọ́ ní ààyè ọlá láàrin àwọn àgbà ìlú ní ọjọ́ àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n kò rí wọn kí ó tó kú.

Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1820 nínú òṣì. Aago rẹ̀ ni ó fi san owó dókítà. Ọjọ́ náà ni Ajẹntínà fi ń ṣe ọjọ́ àsíá wọn.

Òfin tí Belgrano kọ́ kò sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè ṣẹ́gun. Ó pàdánù ogun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn sì ni a fi san án. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí a ń torí rẹ̀ jagun. Ọ̀pọ̀ ọ̀gágun ni ó ṣẹ́gun tí kò mọ èyí. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kàwé bi ara wa: bí owó Salta bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, kí ni a ó fi í ṣe?